Ìgbà Kan Ṣoṣo Tí Bọ́ọ̀lù Dé Ọwọ́ Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Parkchester níbí, mo ti tóbi ju gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ. Ìyá mi ní ó kéré tán, oúnjẹ àwọn kò ṣòfò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń gun àtẹ̀gùn bí arúgbó, ẹ jókòó kí n sọ ohun tó jẹ orúnkún mi fún yín.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti mú mi wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré. Ọ̀rẹ́ mi kan ló máa ń jù ú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dúró síwájú rẹ̀ bí ìlẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má ráàyè gbá a lulẹ̀; èmi fúnra mi kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá láti yunifásítì ti ń wá wò mí.

Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá wòran lọ́jọ́ Sátidé kan. Wọ́n wá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi títí, wọn ò rí i. Wọ́n ní wọ́n ń rẹ́ ọmọ àwọn jẹ, ni wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Castle Hill. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìyá ìjọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gbààwẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè dé ọwọ́ mi. Mo fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n ní kí n ṣe àmín.

Nígbà tí ààwẹ̀ parí, ìyá mi àti àwọn ìyá ìjọ mẹ́rin wá wòran eré wa, wọ́n jókòó níwájú. Àwọn àgbà ní ẹni à ń wò kì í wòran, ṣùgbọ́n mo wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni ọmọkùnrin ẹgbẹ́ kejì tó kọjú sí mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó sì kọlu ọ̀rẹ́ mi. Bọ́ọ̀lù jábọ́, ó yí wá sẹ́sẹ̀ mi, mo sì dì mọ́ ọn nílẹ̀. Àwọn ìyá bú sórin ọpẹ́. Ìyá mi ti ń jó kí wọ́n tó rí i pé ọ̀rẹ́ mi kò dìde.

Ìyá mi sáré wọ pápá, wọ́n kúnlẹ̀ tì í, wọ́n di apá rẹ̀ mú títí áńbúláǹsì fi dé. Apá náà ti kán. Ọ̀rẹ́ mi ń wò mí, kò bú mi, ìyẹn ló dùn mí jù.

Nílé, ìyá mi béèrè pé, “Ta ló yẹ kó dá ọmọ tó kọlu ọ̀rẹ́ rẹ dúró?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé bí o bá ṣiṣẹ́ rẹ dáadáa, bọ́ọ̀lù ò ní dé ọwọ́ rẹ?”

“Kò ní dé ibẹ̀, mà.”

Wọ́n sunkún. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n dìde láàárín ìjọ, wọ́n bẹ gbogbo ènìyàn kí wọ́n bá àwọn yí àdúrà náà padà.

Apá ọ̀rẹ́ mi jinná, ṣùgbọ́n kò lè ju bọ́ọ̀lù jìnnà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. N kò gbàgbé rẹ̀. Mo ṣe eré náà ní yunifásítì, mo tún fi ṣiṣẹ́ ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì fún mi ní ife ẹ̀yẹ. Ibẹ̀ ni orúnkún mi lọ. Bọ́ọ̀lù kò kan ọwọ́ mi mọ́.

Ayé ti yí padà. Orí fóònù lẹ ti ń wòran báyìí, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù nìkan ni fóònù sì máa ń fi hàn yín. Ẹ wá mi níbẹ̀, ẹ ò rí mi. Ìyá mi náà ti darúgbó, ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n ti gbàgbé. Síbẹ̀, bí mo bá ti wọlé kí wọn, wọ́n á béèrè bóyá bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ mi lónìí. Mo máa ń sọ pé kò dé, mà.

Wọ́n á ní, “Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.”