Àǹtí Gẹ́lẹ́ àti Ìdajì Irun

Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń pè é ní Àǹtí Gẹ́lẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń gbẹ̀yìn gbólóhùn rẹ̀. Òrùka irin gbọ́dọ̀ rí bí wọ́n ṣe yà á gẹ́lẹ́. Ilẹ̀kùn yàrá ìwọ̀n gbọ́dọ̀ pa dé gẹ́lẹ́. Bí ẹnì kan bá ní òun ti kí i láàárọ̀, yóò ní, “Orí lẹ mì sí mi. Ẹ ò kí mi.” Ó ti lọ́kọ rí, ọkọ náà kò sì pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ máa ń sọ láàárín ara wọn pé ọkọ náà kò kú, bẹ́ẹ̀ ni kò sá lọ. Obìnrin náà wọ̀n ọ́n ni, kò pé, ó sì jù ú sínú àpótí aláìpé.

Òrùka tó ń lọ sínú bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe. Àwọn kan a máa sọ pé ẹ̀rọ ló ń gé e. Kì í gé e. Fífá ló ń fá inú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ bó ọsàn. Ẹni tó bá fá a yóò gbé e lọ sí yàrá ìwọ̀n, yóò gbé e sórí tábìlì òkúta dúdú, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ kéré bí ẹyin ẹja yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ̀rọ ìwọ̀n, yóò máa fara kan inú òrùka náà lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà yóò tan iná. Bí iná bá ní àwọ̀ ewé, ó pé. Bó bá pọ́n, ó di ti àpótí aláìpé. Ètò ìwọ̀n tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ń sọ fún ọ̀pá náà ibi tí yóò fara kàn, òun náà ló sì ń sọ bí àṣìṣe ṣe lè tóbi tó kí iná tó pọ́n. Àǹtí Gẹ́lẹ́ ló kọ ètò yẹn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Ṣùgbọ́n ètò náà ṣí sílẹ̀ bí ilé tí kò nílẹ̀kùn. Bí iná bá ti ń pọ́n jù, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ yóò yọ́ wọlé, yóò wẹ̀yìn wò, yóò sì fi díẹ̀ kún àyè tí ètò fún àṣìṣe. “Mo fún un láyè kó mí ni,” bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Ìdajì ìnípọn irun orí èèyàn, nígbà mìíràn odidi irun. Kí wọ́n tó ṣíwọ́, wọ́n á dá a padà síbi tó wà. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣe é, wọn kò sì kà á sí irọ́. Irọ́ ni.

Nígbà tí àwọn oníbàárà dá odidi ọkọ̀ òrùka kan padà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ pe Àǹtí Gẹ́lẹ́. Obìnrin náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ti ètò náà pa, kó má lè ṣí láìsí pásíwọọdù, kó sì jẹ́ òun nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá gbà. Nígbà tó dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó ronú ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè dá mọ̀, ó sì tẹ orúkọ ìkẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é ní kékeré: Ẹyẹ-kò-sùn. Ìyá náà ti kú tipẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì kéré nígbà náà. Àǹtí Gẹ́lẹ́ ló pọ̀n ọ́n, tó wẹ̀ ẹ́, tó fi rúlà lu ọmọ ìka rẹ̀ nígbàkígbà tí ìlà tó fà nínú ìwé bá wọ́. Kò rò pé ọmọ náà lè rántí.

Àbúrò náà ti dàgbà, ó ti fẹ́yàwó, nídìí ẹ̀rọ tó ń fá òrùka ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sílé.

“Àǹtí mi, ẹ̀rọ mi ti gbó. Mo fá, mo fá, iná ṣáà ń pọ́n. Fóòmaànù ti ní tí iná bá tún pọ́n lórí àwo òrùka mi kan, kí n má wá mọ́.”

“Irin tó ń fá a ni o kì í pààrọ̀ lásìkò.”

“Mo pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ wá wò ó.”

“Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti wo ẹ̀rọ. Sọ fún àwọn tó ń tún un ṣe.”

“Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní kó dọ̀la. Ọ̀la wọn kì í dé.” Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. “Ẹ fún un láyè kó mí díẹ̀, Àǹtí mi. Ìdajì irun péré.”

“Tí ọkọ̀ bá já wọ àárín èèyàn nítorí òrùka ẹ, ṣé ìwọ lo máa lọ bá ìyá wọn pé ìdajì irun ni?”

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni gbé ìkòkò tó kún. “Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.”

“Orí ọmọ kọ́ ló wọ́,” ni Àǹtí Gẹ́lẹ́ wí. “Òrùka ọkọ rẹ ló wọ́.”

Ó mu omi náà tán. Kó tó jáde, ó ní apá òsì kọ́tìnì wọn gùn ju apá ọ̀tún lọ.

Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, ó lọ jẹun ọ̀sán, ó sì padà bá àwo òrùka àbúrò rẹ̀ lórí tábìlì òkúta. Gbogbo iná tó tàn ló ní àwọ̀ ewé. Ó dúró. Ó mọ ẹ̀rọ tí òrùka wọ̀nyẹn ti wá. Ó ṣí ètò, ó wo nọ́ńbà, ó sì rí i pé ìdajì irun ti wọ inú rẹ̀.

“Níbo ni àbúrò mi wà?” ni ó bi ẹni tó ń gbálẹ̀.

“Wọ́n pè é pé ìyàwó ẹ̀ ń rọbí. Ó sáré lọ, kò tiẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́.”

Ìdí nìyẹn tí kò fi ráyè dá nọ́ńbà náà padà. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí i. Àǹtí Gẹ́lẹ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà, kó ya àwo náà sọ́tọ̀, kó sì lọ bá ọ̀gá pé ẹ̀rọ yẹn ti gbó, kí wọ́n tún un ṣe kí àbúrò òun tó dé. Ó fi ọwọ́ sórí kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó sì gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ.

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán. “Ẹ ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ pásíwọọdù.”

“Èmi àti ọmọ ìyá mi, sà. Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n.”

Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. Ó mọ̀ pé aláboyún wà nílé yẹn. “Mádàámú, ṣé kì í ṣe pé ẹ gbàgbé láti tì í? Èèyàn lè gbàgbé. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbàgbé ni, ọ̀rọ̀ á tán síbí.”

“Mi ò gbàgbé, sà. Mo tì í gẹ́lẹ́.”

Fóòmaànù ló fi fóònù pe àbúrò náà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó kọ́kọ́ kí i kú oríire. Ó bi í bóyá akọ ni tàbí abo. Lẹ́yìn náà ló ní kó má ṣe wàhálà láti wá síṣẹ́ lọ́la, tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n sì ní kí Àǹtí Gẹ́lẹ́ sọ pásíwọọdù náà síta, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, kò ṣí nǹkan kan mọ́. Ó sọ ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní àwọn kò gbọ́. Ó tún un sọ sókè. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi kẹ́ ẹ pè é láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, tí wọ́n á máa súfèé bí ẹyẹ, kò sì sí ẹni tó ń jẹ́wọ́ pé òun ni nígbà tó bá yíjú.

Ọrùn ọmọ náà kò tíì le tí àwọn oníbàárà fi àwòrán tuntun ránṣẹ́ nípa ìwọ̀n òrùka. Ọ̀gá tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

“Wọ́n ti dán an wò. Wọ́n ní bíréèkì náà lè gba àyè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ fi odidi irun kún un nínú ètò.”

Àǹtí Gẹ́lẹ́ wo àwòrán náà títí. “Àbúrò mi ńkọ́, sà?”

“Kí ló ṣe é?”

“Ìdajì èyí ló fi kún un.”

“A ò lé e nítorí òrùka, Mádàámú. A lé e nítorí pé ó fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.”

Kò rí ibi tí yóò ti tún gbólóhùn náà ṣe. Ó lọ tẹ odidi irun síbẹ̀, ó wọ̀n òrùka kan láti fi dán an wò, iná àwọ̀ ewé sì tàn.

Nígbà tó ṣíwọ́, ó lọ sílé àbúrò rẹ̀. Ìyàwó ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ wà léjìká rẹ̀. Kò kí i, kò sì ní kó wọlé. Ọkọ jáde láti yàrá pẹ̀lú irùngbọ̀n tí kò fá.

“Wọ́n ti yí ìwọ̀n òrùka padà,” ni Àǹtí Gẹ́lẹ́ wí.

“Ṣé wọ́n ní kí n padà wá ni?”

“Rárá.”

“Kí wá lẹ wá ṣe?”

“Kó o lè mọ̀ ni. Òrùka tìẹ yẹn, kò ní pa ẹnikẹ́ni.”

Àbúrò rẹ̀ họ irùngbọ̀n. “Àyè wo ni wọ́n fún un?”

“Odidi irun.”

“Tèmi ò tó yẹn, Àǹtí mi.”

“Kò tó o. Ṣùgbọ́n tìẹ ò láṣẹ.” Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ.

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. “Ẹ ti wọ̀n mí tán. Ẹ máa lọ.”

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ojú ọmọ náà ná. Ìyàwó gbé ọmọ náà sí èjìká kejì, èyí tó jìnnà sí i, ó sì fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn.