Oyin Bà sí Ilé Epo Benedict

Bí Sìdí bá ti gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ oyin, ńṣe ló máa ń yínmú. Inú oko kòkó kan lọ́nà Òfosù ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀, alágbàṣe tó wá láti Ìṣẹ́yìn, ti máa ń gbé ìkòkò sórí igi kí oyin lè wọ̀ ọ́. Kó tó mọ gèlè wé ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń kó oyin.

Múdàṣírù ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, ọmọ oníṣòwò ni nínú ìlú Ìdànrè. Ṣájà fóònù ló ń tà. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kó oyin kúrò nínú àjà ilé ìyá Múdàṣírù láìpa wọ́n, tí gbogbo àdúgbò ń yìn ín, ọjọ́ náà lojú rẹ̀ là sí i pé iyì wà ńbẹ̀. Ó ra aṣọ funfun alápá gígùn, ó ra fìlà onínẹ́ẹ̀tì, ó sì kọ ọ́ sára pátákó: ALÁÀJÌ OYIN. Mẹ́kà, kò débẹ̀ rí. Oyin, kò fọwọ́ kàn án rí.

Bí ìpè bá dé, á gun ọ̀kadà, Sìdí á gbé àpótí jókòó sẹ́yìn. Tí wọ́n bá débẹ̀, Aláàjì á dúró lókèèrè, á máa pàṣẹ: "Rọra! Bọ́ sápá ọ̀tún!" Lójú Sìdí, aṣọ́komásùn tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko sàn jù ú lọ, torí aṣọ́komásùn kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé ni. "Ẹ ṣé, Bàbá Nimat," ló máa ń wí, á sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó di ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, Benedict tó ń bójú tó ilé epo kan nígboro pè wọ́n. Agbo oyin ti bà sára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo dísù, wọ́n ṣù mọ́ra wọn, wọ́n so rọ̀ bí igbá tó gbó. Àwọn awakọ̀ ti sá fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀.

Múdàṣírù sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ bí ọ̀gágun. Ó yọ agolo tí wọ́n fi ń fín èéfín sí oyin, ó ki èèpo àgbọn sínú rẹ̀, ó sì mú ìṣáná sọ́wọ́ láti ṣá a.

"Aláàjì!" Benedict ké. "Ilé epo nìyí o! Ẹ fẹ́ dáná sun wá ni?"

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Benedict já ìṣáná gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Sìdí wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, bí ẹni ń wo ẹja tó ti rà tán kó tó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun wá omi sínú ike. Ó lu ihò sí ìdérí ike náà, ó wọ́n omi sára oyin títí ìyẹ́ wọn fi wúwo. Oyin tó ń wá ilé kì í bínú tó èyí tó ń ṣọ́ ilé. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un. Ó gbé àpótí sábẹ́ wọn, ó fi ìyẹ́ tòlótòló rọra gbá wọn sínú rẹ̀. Nígbà tí ìyá oyin ti wọlé, àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ta Sìdí lọ́rùn ọwọ́. Ó fi èékánná ha oró rẹ̀ kúrò, ó sì pa àpótí dé.

Ìgbà yìí ni Múdàṣírù jáde lẹ́yìn ọkọ̀ àjàgbé kan. Ó dúró ti àpótí, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò òun. "Èmi ni mo kọ́ ọ," ló wí fún Benedict. "Bàbá rẹ̀, ará oko lásán! Iná ló fi ń jó oyin."

Sìdí gbé àpótí nílẹ̀, ó nà án sí i láyà.

"Gbà á."

"Ìyá Nimat, kí ló dé?"

"Mo ní kí o gbà á, Múdàṣírù. Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ rí kí Sìdí pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ká má tíì sọ pé kó máa fi "o" bá a sọ̀rọ̀. Àpótí ń kùn. Múdàṣírù kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fẹ̀yìn rìn títí ó fi jókòó sínú kòtò omi òjò pẹ̀lú aṣọ funfun. Benedict ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi ò jó oyin rí," ni Sìdí wí. Ó pe ọ̀kadà mìíràn, ó gbé oyin rẹ̀ lé itan, ó lọ.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Sìdí kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ nítorí orúkọ tó pè. Wọ́n ní kó bẹ ọkọ rẹ̀ náà. Ó ní òun ò rí ẹni tí òun máa bẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló mú ọ̀dà, ó pa Aláàjì rẹ́ kúrò lára pátákó, ó kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ síbẹ̀. Aṣọ funfun náà, ó fọ̀ ọ́, ó fún Olúrónkẹ́, opó àdúgbò kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí.

Ó ti padà sí "ẹ" tó ń fi pe ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ" náà ti tutù bí omi àná. Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè é láti Òwena. Múdàṣírù dìde, ó ní òun lè bá wọn gbé àpótí.

"Ẹ jókòó, Bàbá Nimat," ni Sìdí wí, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. "Ẹ̀wà wà lórí iná. Ẹ má jẹ́ kó jó."

Olúrónkẹ́ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.