Àwọn Orúkọ Tí Ìyàwó Kọ Sára Ògiri

Àtíìsì ni Fikáyọ̀, iṣẹ́ bọ́ọ̀dù ló ń ṣe. Ẹni tó bá gba Okokomaiko kọjá ti ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n: ti onírun, ti jẹ́lé-ó-sinmi, ti àwọn tó ń kìlọ̀ pé ilé àwọn kì í ṣe títà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Kò kórìíra Yorùbá, kò gbọ́ ọ dáadáa ni. Ọmọ ṣọ́jà ni. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, inú Kantómẹ́ńtì Ọ̀jọ́ ló dàgbà sí, Píjìn ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣeré níbẹ̀.

Ìgbà tó fẹ́ Abọ́dúnrìn, tó wọ ilé ọkọ ní Ọ̀jọ́, àwọn obìnrin ilé sọ ọ́ ní Ìyàwó Kantómẹ́ńtì. Eré ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Kò bá wọn jà. Bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nílé, tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀dù tó ti bàjẹ́, á wò ó, á yàwòrán rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á nù ún, á tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ́ èdè, bí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bí èdè mọ́ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tí wọ́n rẹ́ fẹ́ǹsì iwájú ilé, ẹbí fẹ́ kóra jọ. Baba Gbàdàmọ́sí, olórí ẹbí, ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn àgbà ilé sára ògiri náà, òkú àti ààyè, nítorí àwọn ọmọ kò mọ ẹni tó bí ẹni mọ́. Wọ́n fẹ́ pe àtíìsì kan ní Ajangbadi. Abọ́dúnrìn ní kí ló dé, ṣé ìyàwó àwọn kọ́ ni àtíìsì ni? Baba gbà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀.

“Ìyàwó, Yorùbá ni o. Bí o bá bà á jẹ́, a ó kùn ún, ará Ajangbadi á sì tún un kọ.”

Fikáyọ̀ mọ̀ pé bí wọ́n bá kun ògiri yẹn, òun ni wọ́n kùn. Kò ní lè lanu sọ Yorùbá nílé yẹn mọ́.

Abọ́dúnrìn wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àgbádárìgì lọ́sẹ̀ náà. Fikáyọ̀ wá lọ bá Ìyá Mùsítúrà, ìyàwó tó pẹ́ jù nínú ilé. Ojú Ìyá ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé. Ó ní kí Ìyá ka orúkọ àwọn àgbà ilé fún òun. Ìyá ń pè, ó ń kọ: Adúmáadán. Eyínfúnjowó. Apẹjabíidán. Asunkúngbẹja. Orúkọ náà dùn létí rẹ̀. Ó fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, ó ya ẹja, ó ya owó ẹyọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ẹbí dé, Baba kà á títí, ó bèèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé àwọn. Títílọpẹ́, ẹ̀gbọ́n Abọ́dúnrìn lóbìnrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Ìyàwó Kantómẹ́ńtì ti kọ orúkọ ilé onílé. Baba ní kí wọ́n lọ gbé ọ̀dà funfun wá.

Yorùbá tán lẹ́nu Fikáyọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló kù, kò sì fẹ́ sọ ọ́. Ó wọlé lọ bá Ìyá, ó bi í pé kí ló dé tí Ìyá fi purọ́ fún òun.

Ìyá wò ó. “Irọ́ kẹ̀? Ìwọ náà kì í ṣe ìyàwó ni? Ìyàwó wo ló ń pe ọmọ ilé ọkọ tó bá nílé lórúkọ? Èmi ni mo fún wọn ní orúkọ tí mo ń pè wọ́n. Èyí tí ìyá wọn sọ wọ́n, ẹnu mi ò gbà á.”

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Fikáyọ̀ rí. Látìgbà tó ti délé, Sísítà àti Bùrọ̀dá ló ń pe gbogbo wọn. Ó di Ìyá lọ́wọ́ mú, ó mú un jáde. Wọ́n ti ṣí ọ̀dà.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ìyá pè é kí ẹ tó pa á rẹ́.”

Ìyá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. “Adúmáadán ọkọ mi.” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyá ní ṣebí ó ti kú, ta ni ì bá dáhùn. Ó ní ó dúdú, ó ń dán, kì í lọ sódò láìfi àdí àgbọn para. Títílọpẹ́, tí òun náà dúdú bẹ́ẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bèèrè bóyá bàbá òun nìyẹn. Ìyá ní ta ni ì bá tún jẹ́. Ọmọ ọwọ́ ni Títílọpẹ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe rí fún un rí.

“Eyínfúnjowó.”

Ìyá arúgbó kan tó ti Ìbà Ẹsíteètì wá dáhùn lẹ́yìn pé, “Ìyàwó mi, mo wà níbí.” Eyín ẹnu rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ mọ́.

“Asunkúngbẹja ọkọ mi.”

“Hẹ̀n, ìyàwó.”

Baba Gbàdàmọ́sí ni. Ẹnu rẹ̀ ti dáhùn kó tó rántí pé olórí ẹbí ni òun. Gbogbo ojú yí sí i. Ó wolẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, títí tó fi di ògiri mú. Ó ní kí wọ́n bi Ìyá léèrè ẹni tó ń fún òun lẹ́ja ọ̀hún.

Wọ́n dé ọ̀dà funfun padà. Baba ní kí Fikáyọ̀ wá kọ orúkọ àbísọ wọn sábẹ́, nítorí àlejò.

“Mi ò lè kọ ọ́, Baba,” ni Fikáyọ̀ wí. “Ìyàwó ni mí.”

Àwọn ìyàwó ilé pàtẹ́wọ́. Títílọpẹ́, tó jẹ́ ọmọ ilé, ló gba búrọ́ọ̀ṣì, tó kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sábẹ́. Ó wọ́ díẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fikáyọ̀ kò pe Títílọpẹ́ ní Sísítà mọ́. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ. Títílọpẹ́ ní òun kò fẹ́ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá pè é, ó ń dáhùn.