Ìgò Ọtí Tó Dá Mi Dúró Sáàfin

Ẹni tó bá ń jowú ọmọ ọba, kó wá gba ipò mi. N ó bá a ru ẹrù rẹ̀ láti èbúté.

Èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ọba ìlú wa, ìlú kékeré kan létí ọ̀sà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ wá láti Badagry. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí ẹnu ọba níbi tó ti ń jẹun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan tí kò tíì lọ sílé ọkọ ni yóò na aṣọ síwájú rẹ̀ títí yóò fi jẹun tán. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé, èmi ni. Àwọn àbúrò mi ń lọ sílé ọkọ, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń sanra. Èmi ń na aṣọ. Àwọn èèyàn á ní, "Ọmọ ọba, orí ẹ dáa o!" Orí wo? Ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wá mi wá. Ará Èkìtì ni, olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Otto. Inú ọkọ̀ la ti pàdé. Omi ta sí wa lára, ó yọ áńkáṣíìfù, bàtà ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ nù. Ó pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Nílé wa, wọn kì í gba ọtí ìtọrọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba á ní kí wọ́n so òwú funfun mọ́ ìgò náà lọ́rùn, wọ́n á dá a padà fún àna. Tó bá di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àna á gbé ìgò kan náà wá, láìṣí i, tòun ti òwú lọ́rùn. Ìyẹn ló ń fi hàn pé ó fẹ́ ọmọ náà lóòótọ́. Gbogbo ọmọ etí ọ̀sà ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ará Èkìtì? Ààfin kì í sọ, ìdánwò ni. Èmi náà ò lè sọ, torí àbúrò bàbá mi obìnrin ti gba fóònù mi: ọmọbìnrin tí wọ́n ń tọrọ kì í bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ títí àna á fi kúrò nílùú.

Wọ́n wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí wọ́n dá ìgò padà fún wọn, ṣe ni bàbá ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọba tó ń fún àlejò lọ́tí! Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí o!" Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń jẹ ètè. Yéè, mo gbé!

Wọn ò tíì dé Badagry tí wọ́n fi mu ún tán, torin-torin. Ọmọ ìlú wa ló ń tukọ̀ wọn. Kílẹ̀ tó ṣú, ààfin ti gbọ́.

Wọ́n dá fóònù mi padà lọ́jọ́ kejì, mo pe ará Èkìtì mi, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ṣé kí n ra òmíràn ni?"

"Ìgò yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́!"

Ó rà á ṣá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ so òwú mọ́ ọn, ó gbé e wá sáàfin lọ́jọ́ ọjà. Àwọn ìjòyè wò ó, wọ́n bọ́ sínú èdè Ègùn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ikú yá ju ẹ̀sín. Ó jáde, kò sì wẹ̀yìn. Ọmọ ìlú rẹ̀ ló padà fẹ́. Ẹlòmíràn ò wá mọ́.

Bàbá mi ti darúgbó báyìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń jẹ ẹ̀bà, inú rẹ̀ dùn, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ.

"Ará Èkìtì ìjọ́sí, ṣé o rántí ẹ̀?"

"Mo rántí, Kábíyèsí."

"Nígbà táwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín tán, wọ́n bẹ̀ mí nítorí ẹ̀. Wọ́n ní àlejò ni, kò mọ̀. Èmi ni mo kọ̀." Ó gbé òkèlè mì. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí wọ́n mu ọtí yẹn. Àbí ta ni ì bá máa tọ́jú mi báyìí?"

Kò sọ ọ́ bí ìkà. Ó ń yìn mí ni! Inú mi bà jẹ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ ń wálẹ̀."

Mo gbé e sókè.