Ráútà Tí A Rà Kí Ìlànà Rẹ̀ Tó Jáde

Òórùn pẹtiróòlù àti ti búrẹ́dì gbígbóná ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Upper Sakponba, nílùú Bìní, nítorí ilé búrẹ́dì ló wà lọ́tùn-ún, jẹnẹrétọ̀ wa sì wà lósì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Iṣẹ́ báńkì ló ti fẹ̀yìn tì, ó sì kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lé ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju orúkọ lọ. Obìnrin yẹn láyà, jàre.

Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé láàptọ́ọ̀pù tiwọn wá, a lọ ra ráútà, àpótí kékeré tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ láìlo wáyà. Èyí tó yára jù ni ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí. Ọkùnrin Ẹ̀dó tó ń tà á kò parọ́ fún wa. Ó ní, “Madam, dem never finish the rule for this one o.” Àwọn tó ń ṣòfin irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lókè òkun ṣì ń jiyàn lórí ìlànà rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kò dúró dè wọ́n. Bí ìlànà náà bá wá yàtọ̀, láàptọ́ọ̀pù tuntun lè má gbọ́ èdè ráútà wa mọ́. Ara mi kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ká máa wá dúró dè wọ́n, kí oníbàárà lọ tán?” Bó ṣe di rírà nìyẹn.

Ìlànà jáde lóòótọ́, ó sì yàtọ̀. Láàptọ́ọ̀pù tuntun ń já lórí tiwa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń yà sí káfè tó wà níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun kánú mọ́, nítorí kò sí owó tí a ó fi ra òmíràn. Mo wá rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn tó ṣe ráútà náà ti gbé ìlànà tuntun síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí a kó o sínú rẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ pé bí iná bá já lẹ́nu iṣẹ́ náà, ì báà ṣe ìṣẹ́jú àáyá kan, ráútà kú nìyẹn.

Ìwọ náà mọ Bìní àti iná ìjọba. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a rọ epo kún jẹnẹrétọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí iná ìjọba fi dé. Gbogbo àdúgbò hó yè, “Up NEPA.” Àṣà gbogbo wa sì ni pé ẹni tó bá sún mọ́ ibi tí a ti ń yí iná ló máa fò dìde, á yí i sí ti ìjọba, kí epo má ṣòfò. Bí a bá sì yí i, iná á já díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó síbẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, tó ti kan irin tí a fi ń yí iná. Ó wá fa ọwọ́ náà padà, ó kó méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn, epo wa sì ń jó lọ.

Gbogbo iná ara ráútà kú. Lẹ́yìn náà wọ́n tún tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, láàptọ́ọ̀pù tuntun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé wá sì mú un, kò já mọ́. A kò tú ohunkóhun lára rẹ̀, a kò sì fi nǹkan kan kún un. Àpótí àná náà ni, ó sì ti mọ ohun tí ẹni tó ṣe é gan-an kò tíì mọ̀ lọ́jọ́ tó ń ṣe é. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó dùn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó.

“Kò wúwo sí i,” ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí bóyá kí àwọn dúró títí ìlànà á fi yanjú kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ráútà àwọn ẹlòmíràn kú dànù. Síbẹ̀, obìnrin kan ni mo máa ń rí lójú inú, tó fi gbogbo ohun tó ní ra nǹkan tí kò tíì parí, tó sì jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kó lè parí.