Iná Kejì Tí Mi Ò Padà Lọ Gbà

Mo rántí òórùn èéfín ẹja tó wà lára aṣọ mi lọ́jọ́ tí dókítà ní Ìbàdàn ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gé kókó inú ọmú mi òsì, wọ́n sì fi ọmú náà sílẹ̀ fún mi. Inú mi dùn débi pé etí kan ni mo fi ń gbọ́ ìyókù. Ó ní mi ò tíì pé ogójì ọdún, pé jẹjẹrẹ a máa tètè padà sí ọmú ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré. Kí n padà wá lẹ́yìn oṣù kan, kí wọ́n fi ẹ̀rọ onítànṣán jó ìyókù tí ojú ò rí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, dókítà, mo ti gbọ́."

Kí oṣù náà tó pé, ìjà ìlú sí ìlú bẹ́ sílẹ̀ lórí odò. Ọkọ mi kó àwọn ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ sí Ìgbókòdá. Èmi olójúkòkòrò ní kí n yan ẹja tó kù lórí ààrò tán ná. Bí ọ̀nà ṣe dí nìyẹn, tí mo há sí Zion Pepe, ìlú wa lórí omi. Gbogbo ilé tó yí mi ká ti ṣófo. Mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ sókè, kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn èèyàn. Àdáwà yẹn, mi ò fẹ́ ẹ fún ọ̀tá mi.

Nígbà tó yá, ìjà rọlẹ̀, ọ̀nà odò là, àwọn èèyàn mi padà dé. Ẹ wá wo àgbàyà! Ọgbẹ́ mi ti jinná, ẹja àrọ̀ tí mo ń yan tà sì ń wọlé lójoojúmọ́. Ìyá ọkọ mi bi mí pé, "Ìyàwó, ìgbà wo lo máa padà lọ bá àwọn dókítà?"

Mo ní, "Ìyá, ó ti gbẹ."

Èmi! Èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé ara àrọ̀ lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù, pé kí wọ́n dá a padà sórí iná lọ́jọ́ kejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdin á yọ. Mo mọ̀ ọ́n fún ẹja, mi ò mọ̀ ọ́n fún ara mi.

Kò pé ọdún méjì tí kókó míì fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá náà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gé gbogbo ọmú náà kúrò.

Títí dòní, àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé ìjà ló gba ọmú lọ́wọ́ mi. Mo máa ń dákẹ́, torí àánú wọn tù mí lára. Ìyá ọkọ mi nìkan ló mọ òótọ́, ó sì ti kú. Èmi nìkan ló kù tó rántí àwọn ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì tó ń lọ sí Ìgbókòdá, tó ń yà níwájú ilé wa láràárọ̀ lẹ́yìn ìjà, tí àyè ṣì wà nínú wọn. Awakọ̀ á ké sí mi pé, "Ìyá, ṣé ẹ ń lọ?" Èmi á gbójú sókè níbi ààrò, màá ní, "Ó dọ̀la."