Abọ́ Tánńganran Tó Dí Ọ̀nà Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Iná aláwọ̀ ewé kan ni ó kọ́kọ́ parọ́ fún mi. Ó wà lára àpótí funfun kékeré tí àbúrò ọkọ mi tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá mi lọ́jọ́ Àìkú. Ó ń tàn bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, fóònù mi náà sì ń fi hàn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, nǹkan róbótó yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù, á máa yí ṣáá, títí ìpè náà á fi já. Èmi kì í tètè bínú. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo bínú.

Iṣẹ́ ni mò ń wá. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ọmọdé lórí fóònù, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú Èkó lọ́hùn-ún, ní kí n máa dá àwọn oníbàárà òun lóhùn láti ilé. Kò béèrè ìwé tó ju sẹ́kọ́ńdìrì tí mo kà lọ. Ó kàn ní òun á fi ọ̀sẹ̀ kan dán mi wò. Láti ìgbà tí mo ti bímọ, ìyẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo lè fi ọmọ sẹ́yìn ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, ìpè oníbàárà já mọ́ mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún já. Obìnrin náà fi ohùn ránṣẹ́: "Àǹtí, mo fẹ́ràn bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá tún já lẹ́ẹ̀kan sí i, màá gbé e fún ẹlòmíràn o. Ẹ má bínú."

Ilé ọkọ mi ní Ìwòrò gùn gbọọrọ. Ráútà tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé wà ní pálọ̀ iwájú, níbi tí ìyá ọkọ mi ti ń gba àlejò. Yàrá tèmi wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. N kò lè jókòó ṣiṣẹ́ ní pálọ̀, nítorí àwọn ìyá ìjọ ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sì sí èyí tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jẹ́jẹ́ nínú wọn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Òjó, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Àbúrò rẹ̀ ló wà nílé. Òun ló ń tún fóònù ṣe ní Àgbádárìgì, òun náà ló ra àpótí funfun yẹn, tí wọ́n ń pè ní ẹkisitẹ́ńdà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ráútà, kó sì tún un jù síwájú.

Ẹnjiníà ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú ilé kí n tó wọ̀ ọ́, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ sí mi, n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo fún un ní Ẹnjiníà yẹn lọ́sẹ̀ tí mo wọlé, tìfẹ́tìfẹ́. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ó ń korò lẹ́nu mi.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Kò ṣiṣẹ́."

"Ṣé iná ẹ̀ ò tàn ni?"

"Ó ń tàn."

"Àbí fóònù ò rí i?"

"Ó rí i. Kò kàn sí nǹkan kan nínú ẹ̀ ni."

"Ìyàwó wa, o ti tún lọ tẹ nǹkan."

N kò tẹ nǹkan kan. Ó yọ ọ́, ó tún un tì bọ̀ ọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ó ní èéfín ilé ìdáná ni. Nígbà tí àwáwí tán, ó wo ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́wàá tó ń rá lórí ilẹ̀, ó ké sí ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, mo ti rí ẹni tó bà á jẹ́. Ẹ wá wo ìka ẹ̀."

Ohun tó tẹ̀lé ìyẹn ṣì ń dùn mí. Láàárọ̀ ọjọ́rú, ọmọ náà rá dé ìdí iná aláwọ̀ ewé, ó nawọ́ sí i bó ti máa ń nawọ́ sí ohunkóhun tó bá ń tàn, mo sì gbá a lọ́wọ́. Kì í ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ wò mí ná, bí ẹni tó rò pé ẹlòmíràn ló gbá òun, kó tó bú sẹ́kún. Mo gbé e, mo fún un lọ́mú, ó ń mu ún tẹkúntẹkún.

Mo pọ̀n ọ́n. Mo ní tí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, èmi á wá a fúnra mi. Mo mú fóònù lọ sí ìdí ráútà ní pálọ̀, àwòrán ṣí wàrà. Mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí. Mo rìn síwájú díẹ̀, ó ṣì ń ṣí. Mo kọjá ibi tí ìyá ọkọ mi to abọ́ tánńganran wọn sí, ó kú. Mo padà sẹ́yìn, ó jí. Mo tún kọjá, ó kú. Mo lọ, mo bọ̀, títí ọmọ fi sùn lẹ́yìn mi.

Irin ni gbogbo abọ́ náà, ọ̀dà funfun olódòdó ló wà lójú wọn. Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ibodè ni wọ́n ti rà wọ́n fún Màmá nígbà tí wọ́n ń lọ ilé ọkọ. Ńlá wà nísàlẹ̀, kékeré wà lókè, ọ̀wọ́ mẹ́ta láti ilẹ̀ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Wọ́n bo ògiri náà, wọ́n sì bo sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà láàárín ilé. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìgbà yẹn ló yé mi. A ti ṣe àpótí náà bí fìtílà, a gbé e lọ síbi tó ṣókùnkùn. Kì í ṣe fìtílà. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ni. Bí ẹni tí a rán kò bá gbọ́ ohun tí a ní kó wí, iṣẹ́ wo ló fẹ́ jẹ́? Nínú yàrá mi lẹ́yìn abọ́, kò gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ ráútà, ariwo lásán ló ń pa létí fóònù mi. Àárín ilé ló yẹ kó wà.

Mo bá Ẹnjiníà nídìí gààrí, ó fẹ́ jẹun kó tó lọ ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ ohun tí mo rí. Kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Pé àárín ló yẹ kó wà. Ọjọ́ tí mo rà á ni mo ti mọ̀. Ta ló fẹ́ lọ bá Màmá sọ̀rọ̀ abọ́? Ṣé ìwọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bu gààrí sẹ́nu.

Mo dúró níbẹ̀, ọwọ́ ọmọ tí mo gbá ń fì létí ìbàdí mi. Ọkùnrin yìí mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tó ń sọ pé mo tẹ nǹkan. Ó mọ̀ nígbà tó ń fẹ̀sùn kan ọmọ tí kò tíì lè rìn. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ju kí ìyá rẹ̀ ranjú mọ́ ọn lọ. Ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu kì í ṣe èyí tí ìyàwó ilé ń sọ. Mo gbé e mì, ó sì gbóná.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Ẹ̀gùn ni wọ́n, ohùn Ẹ̀gùn máa ń wà nínú Yorùbá wọn, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá le. Mo ro gbogbo rẹ̀: iṣẹ́ náà, ìpè tó ń já, abọ́. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi kò kúnlẹ̀.

"Ṣé èmi lò ń bá jà ni, àbí abọ́?" Màmá bi mí.

"N kò bá yín jà, Màmá. Inú ló ń bí mi."

"Mo rí i." Wọ́n nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta lẹ ti ń rìn yí ògiri mi ká, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ṣé o tiẹ̀ mọ ìdí tí n kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Nílé wa, ọjọ́ tí wọ́n bá sin òkú ìyàwó ni wọ́n ń sọ abọ́ rẹ̀ kalẹ̀, kí àwọn ọmọbìnrin pín in. Ẹni bá rí i nílẹ̀ á ní mo ti lọ." Wọ́n dìde. "Èmi ò sì tíì lọ. Ti ilẹ̀kùn ìta. Yàrá mi la máa kó o sí."

Àwa méjèèjì la kó o. Màmá ń gba abọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ mi bí ẹni ń gba ọmọ tuntun. Ọmọrí kan yọ̀ bọ́, ó dún gbàlàgàdà jákèjádò ilé. Kò pẹ́ tí ìyá tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa yọjú lójú fèrèsé, ọwọ́ lórí.

"Ẹ kú àráfẹ́rakù o. Ta ni?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," Màmá dá a lóhùn, wọn kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "À ń jí i lọ́wọ́."

Mo ti àpótí náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo dé yàrá mi, fóònù fi hàn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tiẹ̀ kún tó ti àná. Ìpè sì wọlé bí mo ti ń wò ó, oníbàárà kan tó bí ìbejì, tó fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ náà máa ṣá tí a bá fọ̀ ọ́, bóyá bọ́tìnnì rẹ̀ kò ní ha ọmọ lára. Obìnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ ọ́ tán pátá. Kò já. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀gá mi fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ máa báṣẹ́ lọ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́rú yẹn, Ẹnjiníà dé, ó rí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ṣé mi ò sọ pé ó máa ṣiṣẹ́?"

Mo gbé ọmọ dúró níwájú rẹ̀. "Ẹnjiníà, ẹ bẹ ọmọ mi."

"Ọmọ oṣù mẹ́wàá?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bojú wo ìyá rẹ̀.

"Bẹ̀ ẹ́," Màmá wí. "Tó o bá ṣe tán, wá bẹ èmi náà. Ta ló sọ fún ẹ pé mo nífẹ̀ẹ́ abọ́ ju ènìyàn lọ?"

Ó lóṣòó, ó ní, "Má bínú." Ọmọ náà gba ìka rẹ̀ mú, ó ti í bọ ẹnu. Òun ti dárí jì í nìyẹn. Èmi náà ti bẹ ọmọ ní tèmi láti ọ̀sán, mo fi ẹnu ko ọwọ́ tí mo gbá títí ó fi tì mí dà nù. Ṣùgbọ́n èmi àti Ẹnjiníà, ó ṣì kù.